Ẹ má ka iye ìgbà tẹ́ ẹ ti mòòkùn, ẹ ka iye ìgbà tẹ́ ẹ̀yin fúnra yín ronú

Ẹ fa àga kan súnmọ́, torí ọ̀rọ̀ yìí máa gùn díẹ̀.

Látìgbà tí mo ti ń gbé fọ́tò abẹ́ omi síbí, ìbéèrè méjì làwọn èèyàn ń bi mí jù. Èkíní ni "ṣé ẹ̀rù ò bà ẹ́ ni?" (Ó ń bà mí. Ẹ jẹ́ ká máa lọ.) Èkejì ni mo fẹ́ dáhùn lónìí: "Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gba káàdì scuba. Ìgbà wo ni mo lè máa wọ omi láìtẹ̀lé gáìdì?" Wọ́n á wá fi nọ́ńbà sí i. Ṣé ogún ìgbà tó? Àbí ó di àádọ́ta?

Èrò tèmi rèé: iye ìgbà tẹ́ ẹ ti wọ omi ò sọ nǹkan kan fún mi tí mi ò bá mọ ẹni tó ń ronú fún yín nígbà tẹ́ ẹ wà ńbẹ̀.

Fún ẹ̀yin tí ẹ ò mọ̀ nípa ẹ̀ rárá, scuba ni kéèyàn pọn tánkì afẹ́fẹ́ sẹ́yìn, kó ti rọ́bà bẹnu, kó sì máa mí lábẹ́ omi. Ẹ̀kọ́ tí ọ̀pọ̀ èèyàn fi ń bẹ̀rẹ̀ ni Open Water Diver ti PADI. Ẹ ó kàwé, ẹ ó dánra wò nínú omi tí ò jìn, lẹ́yìn náà ẹ ó mòòkùn lẹ́ẹ̀mẹrin nínú òkun tàbí adágún gidi. Tẹ́ ẹ bá yege, ẹ lè dé 18 mítà. BSAC ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà ní tiwọn, Ocean Diver, òun dé 20 mítà.

Àwọn kan rò pé káàdì yẹn ní kí wọ́n máa tẹ̀ lé gáìdì títí ayé. Àwọn kan rò pé ó ti ṣí gbogbo òkun sílẹ̀ fún wọn. Méjèèjì ò kà á dáadáa. Ohun tó ń sọ ni pé ẹ̀yin àti ẹnìkejì yín tó ní káàdì bíi tiyín lè jọ wọ omi láìsí ọ̀gá kankan, níbi tí omi bá ti rí bí èyí tẹ́ ẹ fi kọ́ṣẹ́, tàbí tó rọrùn jù ú lọ.

Ẹ tún apá tó gbẹ̀yìn yẹn kà. Omi tó rí bí èyí tẹ́ ẹ fi kọ́ṣẹ́. Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà.

Ọ̀pọ̀ nínú wa tá a wà ní London tàbí Manchester, Íjíbítì la ti lọ kọ́ ọ, ní Sharm el-Sheikh tàbí Hurghada, torí oòrùn ń bẹ ńbẹ̀, owó ẹ̀ ò sì gani lára. Omi Òkun Pupa lọ́ wọ́ọ́rọ́, ó mọ́ débi pé ẹ lè rí ẹja tó wà ní ogún mítà síwájú. Wọ́n á gbé yín fún gáìdì, ẹ ó tẹ̀ lé e, ó parí.

Lẹ́yìn náà ẹ padà sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹnì kan ní ká lọ sí Stoney Cove. Ibi tí wọ́n ti ń wa òkúta tẹ́lẹ̀ ni, ní Leicestershire, omi wá kún un. Nígbà òtútù, omi ẹ̀ lè má ju dígírì márùn-ún tàbí mẹ́fà lọ. Tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bá ti fẹsẹ̀ ru ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ sókè láàárọ̀ Saturday, ọwọ́ ara yín lẹ ó máa wá. Káàdì kan náà ló wà nínú wọ́lẹ́ẹ̀tì yín, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó kọ́ yín ní irú omi yìí.

Ẹ̀gbọ́n mi kan (a ò bára tan o, ẹ mọ bá a ṣe ń sọ ọ́) pè mí lọ́dún tó kọjá pé kí àwa méjèèjì jọ lọ síbẹ̀. Ó ní ìgbà 34 lòun ti mòòkùn, ní Íjíbítì àti Zanzibar. Mo ní, ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, ẹ jẹ́ kí n bi yín ní ìbéèrè díẹ̀. Nígbà tẹ́ ẹ wọ omi kẹ́yìn, afẹ́fẹ́ yín ku mélòó kẹ́ ẹ tó yí padà? Apá ibo ni ọkọ̀ ojú omi wà sí yín? Kí ló dé tó fi jẹ́ pé ibi tẹ́ ẹ jìn dé yẹn lẹ jìn dé, tẹ́ ẹ ò jìn jù bẹ́ẹ̀ lọ?

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Ṣebí gáìdì ló mọ ìyẹn."

Mi ò fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ o. Wọ́n mọ̀wẹ̀ jù mí lọ, ara wọn sì balẹ̀ lábẹ́ omi ju tèmi lọ. Ṣùgbọ́n nínú ìgbà 34 yẹn, èrò ọkọ̀ ni wọ́n. Ẹni tó ń wọ dánfó láti Ọ̀jọ́ta lọ sí CMS lójoojúmọ́ fún ọdún márùn-ún mọ gbogbo bọ́sítọ́ọ̀bù lórí. Ó mọ ibi tí gósílóò wà, ó mọ iye tí kọ̀ńdọ́ ń gbà. Ẹ dákun, ẹ má gbé sitẹ́àrì fún un.

Ohun tí gáìdì ń ṣe pọ̀ ju ohun tó hàn lọ. Kẹ́ ẹ tó jí ló ti wo atẹ́gùn àti ìgbì, ó ti pinnu pé ibi báyìí la máa lọ, a ò ní lọ sí tọ̀hún. Ó jẹ́ kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wẹ̀ lòdì sí ìṣàn omi, kó lè jẹ́ pé ìṣàn yẹn náà ló máa gbé yín padà nígbà tó bá ti rẹ̀ yín. Ó ń wo aago. Ó ń ka orí. Ó ń béèrè afẹ́fẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó mọ̀ pé ó ń mí kíákíá. Ó mọ òkúta tó máa yà sọ́wọ́ òsì. Nígbà tẹ́ ẹ bá ń gòkè, òun ló ń ju rọ́bà aláwọ̀ ọsàn yẹn sókè kí ọkọ̀ má baà gbá yín lórí. Tí gáìdì ò bá sí, àwọn iṣẹ́ yìí ò bá a lọ. Orí yín ni wọ́n já lé.

Ẹ jẹ́ ká mú ọ̀kan péré nínú wọn, afẹ́fẹ́, ká ṣírò ẹ̀. Ẹ má sá o, kò le.

Tánkì 12 lítà tí wọ́n rọ kún dé 200 bar ní 2,400 lítà afẹ́fẹ́ nínú. Ká sọ pé ẹ ń mí 20 lítà ní ìṣẹ́jú kan lórí ilẹ̀. Ní 10 mítà, omi ti tẹ afẹ́fẹ́ yẹn pọ̀ débi pé ìlọ́po méjì lẹ ó máa lò, 40 lítà. Ní 20 mítà, ìlọ́po mẹ́ta, 60 lítà. Ẹ wá yọ 50 bar tí gbogbo ayé ní ká fi pamọ́, ìyẹn 600 lítà. Ó ku 1,800. Ní 10 mítà, ìṣẹ́jú 45 nìyẹn. Ní 20 mítà, ìṣẹ́jú 30. Tánkì kan náà, èèyàn kan náà, bẹ́ẹ̀ ìdá mẹ́ta àkókò ti lọ.

Èyí tó máa ń jẹ́ kí èmi dákẹ́ ronú rèé. Ká ní ẹ wà ní 18 mítà, ẹnìkejì yín wá fọwọ́ ṣe àmì pé afẹ́fẹ́ òun ti tán. Ẹ̀yin méjèèjì á máa mí nínú tánkì yín. Àyà á ti já, nítorí náà ẹ jẹ́ ká fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní 30 lítà ní ìṣẹ́jú kan, 60 lápapọ̀. Ìṣẹ́jú kan láti fi rọ́bà kejì sẹ́nu ẹ̀, kẹ́ ẹ di ara yín mú, kẹ́ ẹ sì wo ojú ara yín: 168 lítà. Ìṣẹ́jú méjì láti gòkè, ní 9 mítà fún ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan: nǹkan bí 228. Ìṣẹ́jú mẹ́ta tá a fi ń dúró ní 5 mítà: 270. Àpapọ̀ ẹ̀ jẹ́ 666 lítà. Nínú tánkì 12 lítà, ó lé ní 55 bar.

Ẹ ti rí i báyìí? 50 bar tẹ́ ẹ rò pé ó máa gba ẹ̀yin méjèèjì là ò tó. (Lóòótọ́ o, tí afẹ́fẹ́ bá fẹ́ tán, ẹ fo ìdúró 5 mítà yẹn. Kò sẹ́ni tó ní kẹ́ ẹ kú torí ìṣẹ́jú mẹ́ta.) Ohun tí 50 bar túmọ̀ sí ni iye tó yẹ kó kù nígbà tí orí yín bá yọ lókè omi. Gáìdì tó ń ṣe àmì pé ká padà nígbà tẹ́ ẹ ṣì ní 100, tẹ́ ẹ wá ń kùn sínú pé ó ń jẹ owó yín, òun ti ṣe ìṣirò yìí.

Tẹ́ ẹ bá lè ṣe ìṣirò yìí fúnra yín pẹ̀lú tánkì yín àti bẹ́ ẹ ṣe ń mí, kẹ́ ẹ tó wọ omi, ẹ ti ń súnmọ́ ẹni tó lè dá lọ. Tó bá jẹ́ ìgbà àkọ́kọ́ tẹ́ ẹ máa gbọ́ ọ nìyí, tẹ́ ẹ sì ti mòòkùn ní ìgbà 60, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣì máa tẹ̀ lé gáìdì.

Ẹnì kan á ní, "Tí wàhálà bá dé, mi ò ha lè sáré gòkè?" Rárá o. Ẹ rántí Harrison Okene, ọmọ Nàìjíríà tó jẹ́ alásè nínú ọkọ̀ Jascon-4 tó dojú dé ní May 2013. Nǹkan bí wákàtí 60 ló lò nínú afẹ́fẹ́ tó há sínú ọkọ̀ náà, ní nǹkan bí 30 mítà, kí àwọn amòòkùn tó bá a ńbẹ̀ láàyè. Inú gbogbo wa dùn sí fídíò yẹn. Ohun tí ọ̀pọ̀ ò fiyè sí ni pé wọn ò kàn fà á sókè kó máa lọ sílé. Inú yàrá onírin kan ni wọ́n fi í sí, tí wọ́n ti ń dín ìwọ̀n afẹ́fẹ́ kù díẹ̀díẹ̀, ó sì lò ju ọjọ́ méjì lọ ńbẹ̀. Naitírójìn ti wọ gbogbo ara ẹ̀. Tí wọ́n bá gbé e sókè lẹ́ẹ̀kan náà, á hó nínú ẹ̀jẹ̀ bí mínírà tí wọ́n mì kí wọ́n tó ṣí i.

Tiwa ò tó báyẹn, ìṣẹ́jú díẹ̀ là ń lò. Ṣùgbọ́n òfin kan náà ló ń ṣiṣẹ́ nínú ara. Èyí tó tún burú jù ni ká di èémí mú ká sì máa gòkè: afẹ́fẹ́ á máa wú nínú ẹ̀dọ̀fóró títí tí á fi ya á, ìyẹn ò sì nílò ibi tó jìn rárá.

Mo mọ̀ pé ẹnì kan ti fẹ́ dárúkọ àwọn tó ń wa iyanrìn nínú ọ̀sà Èkó. "Àwọn yẹn ò ní káàdì, wọn ò ní gáìdì, wọ́n ń fi korobá mòòkùn lójoojúmọ́." Òótọ́ ni, mo sì júbà wọn. Ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ tí wọ́n mí sínú lókè ni wọ́n ń gbé lọ sísàlẹ̀, òun náà ni wọ́n ń gbé padà, kò lè wú ju bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ lọ. Tiwa, ìsàlẹ̀ la ti ń mí in sínú. Wọ́n sì ń di àkàsọ̀ mú, ojú kan náà ni wọ́n ń lọ, wọ́n mọ̀ ọ́n bí ẹní mọ yàrá ìyá ẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má sì fi "ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké" dá mi lóhùn lábẹ́ ibí. Òwe yẹn ò mọ naitírójìn.

Ó wá ku èyí tó kan àwa Yorùbá gangan, òun ló jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ thread yìí.

Láàárín àwọn tó ń mòòkùn, òfin kan wà tí wọ́n ń kọ́ gbogbo èèyàn: ẹnikẹ́ni lè ní òun ò lọ mọ́, nígbàkúgbà, nítorí ìdíkídìí, kò sì gbọ́dọ̀ sẹ́ni tó máa bi í pé kí ló dé. Létí Gẹ̀ẹ́sì, ó rọrùn. Létí ọmọ tí wọ́n tọ́ dàgbà pé kó má já àgbà lójú, iṣẹ́ ńlá ni. Ẹ wà lábẹ́ omi, ẹ̀gbọ́n tó sanwó ẹnu ọ̀nà fún yín, tó fi mọ́tò ẹ̀ gbé yín wá, ń nawọ́ sísàlẹ̀ pé ká lọ wo ọkọ̀ tó rì síbẹ̀. Ní Stoney Cove, Stanegarth ni wọ́n ń pe ọkọ̀ yẹn, ìsàlẹ̀ ẹ̀ lé ní 20 mítà. Káàdì yín sọ pé 18. Òtútù ti ń mú yín. Afẹ́fẹ́ ku 110. Ṣé ẹ lè mi orí pé rárá?

Mo ti rí àgbàlagbà tó lè ṣíwájú ìpàdé ẹgbẹ́ èèyàn igba, tí kò lè mi orí báyẹn fún ọ̀rẹ́ ẹ̀. Kí ojú má tì wá, kí inú má bí wọn, ká má ba ọjọ́ jẹ́. Ìgbà tí gáìdì bá wà, gáìdì ló ń bá wa mi orí yẹn, owó tá a san fún un wà fún ìyẹn náà. Tí ò bá sí, ẹni tó bá máa dá lọ gbọ́dọ̀ lè sọ fún ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ní etí omi, pẹ̀lú ìdọ̀bálẹ̀ tàbí ìkúnlẹ̀ tó bá fẹ́: "Ẹ̀gbọ́n, 15 mítà la ń lọ, tí ọ̀kan nínú wa bá ti ní ó tó, ó tó." Kí wọ́n sọ ọ́ lórí ilẹ̀. Ẹnu ò ṣí lábẹ́ omi.

Òun ló fà á tí mo fi ń bẹ̀rù ọ̀rẹ́ tó mọ̀ ọ́n ṣe ju gáìdì tí ò já mọ́ nǹkan lọ. Ẹ mọ irú ọ̀rẹ́ yẹn, "tẹ̀ lé mi, mo mọ ibẹ̀." Kò sẹ́ni tó sanwó fún un láti máa wo yín, kámẹ́rà tuntun ẹ̀ ló gbájú mọ́, ẹ̀yin sì ti padà di èrò ọkọ̀ láìmọ̀. Ẹ ò ní gáìdì, ẹ ò sì dá lọ. Àárín yẹn gan-an ló léwu. Lójú tèmi, ẹni tuntun méjì tí wọ́n jọ ń bẹ̀rù díẹ̀, ní 7 mítà, níbi tí wọ́n mọ̀, sàn ju ẹni tuntun kan tó ń lé ọ̀gá kiri ní 25.

Àwọn tó ní ká kàn máa sanwó gáìdì títí ayé ńkọ́? Mo gbọ́ wọn, ṣùgbọ́n wọn ò rò ó dé ìdí. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbí, méjì-méjì ni wọ́n ń lọ láti ayébáyé, BSAC ti wà láti 1953. Ní Bonaire, erékùṣù kan ní Caribbean, ìwọ àti ẹnìkejì ẹ ni ẹ ó gbé tánkì sẹ́yìn mọ́tò, ẹ ó wá òkúta aláwọ̀ ìyeyè tí wọ́n fi sàmì sí etí òkun, ẹ ó rìn wọlé. Wọ́n kàn máa ń kọ́kọ́ dá yín wò létí omi ná. Yàtọ̀ síyẹn, gáìdì tó kó èèyàn mẹ́fà ní ojú méjì péré. Tí omi bá dàrú, tẹ́ ẹ sì pàdánù rẹ̀, láàárín ìṣẹ́jú kan ẹ ti di ẹni tó ń dá lọ, bẹ́ ẹ fẹ́ bẹ́ ẹ kọ̀.

Nítorí náà, kí ni mo sọ fún ẹ̀gbọ́n yẹn? Mo ní kí wọ́n gba gáìdì lẹ́ẹ̀kan sí i, ṣùgbọ́n kí wọ́n sọ fún un pé: "Èmi ni máa ṣíwájú lónìí. Tẹ̀ lé mi lẹ́yìn, má ṣe nǹkan kan àfi tí mo bá fẹ́ ṣe ara mi léṣe." Inú ọ̀pọ̀ gáìdì máa ń dùn sí i. Kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ ṣáájú: a máa jìn tó báyìí, a máa yí padà nígbà tí afẹ́fẹ́ bá ku báyìí, a máa yọ síbí. Tí wọ́n bá jáde, kí wọ́n fi ohun tí wọ́n kọ wé ohun tó ṣẹlẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́, ẹ̀rín lẹ máa rín. Tó bá ti tó ìgbà mẹ́ta tí méjèèjì bára mu, ẹ wá mú ẹnìkejì yín, ẹ padà sí omi tẹ́ ẹ fi kọ́ṣẹ́, etí ibi tí ò jìn, tí kò ní ìṣàn. Ní Stoney Cove, ibi pẹrẹsẹ kan wà ní nǹkan bí 7 mítà. Ẹ fi kọ́ńpáàsì lọ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ fi kọ́ńpáàsì bọ̀. Kò ní wúni lórí lórí Instagram. Ẹ ṣe é.

Mo rí i pé àwọn kan ti ń béèrè drysuit lábẹ́ ibí. Ẹ̀kọ́ ẹ̀ yàtọ̀, ẹ má yá tẹni ẹlẹ́ni wọ omi, afẹ́fẹ́ lè sá sí ẹsẹ̀ yín kó dorí yín kodò. Ẹ fi ìbéèrè yín sílẹ̀, màá dáhùn tí mo bá ti ibiṣẹ́ dé.